Kí Ẹbí Tó Ya Abọ́ Sọ́tọ̀

Ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Yorùbá kì í wá àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi C lọ. Ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan mìíràn ló ti ń bá wọn. Ìyàwó lóyún, ọsibítù ní kí ọkọ wá fi páìǹtì ẹ̀jẹ̀ kan sílẹ̀ de ọjọ́ ìkúnlẹ̀; wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n bá pe ọkùnrin náà sí kọ̀rọ̀. Àfẹ́sọ́nà méjì ń kó ìwé àyẹ̀wò lọ fún pásítọ̀ torí ṣọ́ọ̀ṣì ò ní so wọ́n pọ̀ láìrí i. Orí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ AA àti AS ni ọkàn wọn wà, àfi bí wọ́n ṣe rí ìlà kan nísàlẹ̀ bébà tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èèyàn ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Ìyá àgbà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Kò sí èyí tí nǹkan kan ń ṣe nínú wọn, tàbí ká kúkú sọ pé kò sí èyí tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ife kan ti kúrò láàárín àwọn ife yòókù. Abọ́ kan, ṣíbí kan, bóyá tówẹ̀lì kan pẹ̀lú, ti di ti onítọ̀hún nìkan. Ẹ̀gbọ́n kan ti pe wòlíì lórí fóònù. Àǹtí kan ti rántí àgbo tó wo ẹnì kan sàn ní Ọ̀tà. Ìyàwó ti dákẹ́, ó ń ro ibi tí ọkọ òun máa ń sùn sí láwọn ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt. Gbogbo wọn ló ń sáré, ibi tí àrùn náà ò sí ni wọ́n sì ń sáré lọ: abọ́ ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ nígbà tó jẹ́ pé abẹ ló ń gbé e kiri, ẹ̀sùn ni wọ́n ń wá nígbà tó jẹ́ pé àyẹ̀wò kejì ni ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe.

Bébà tó fa gbogbo ariwo yìí ò sọ pé àrùn wà lára ẹni náà báyìí. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí pátákó pelebe kan kí ìlà lè yọ lára rẹ̀, méjì bó bá jẹ́ “pọ́sítíìfù”, kì í wá kòkòrò àrùn. Ohun tó ń wá ni èròjà tí ara ṣe láti fi bá kòkòrò náà jà, èròjà yìí sì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ títí, ìbáà jẹ́ ogún ọdún sẹ́yìn ni ìjà ọ̀hún ti parí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú 100 ẹni tó bá kó o, nǹkan bí 30 ni ara wọn ń lé e dànù láàárín oṣù mẹ́fà láìlo oògùn kankan. Irú àwọn wọ̀nyí á máa rí “pọ́sítíìfù” lórí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bí wọ́n bá tún ṣe é, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ti kúrò lára wọn tipẹ́.

Àyẹ̀wò kejì ló ń yanjú ọ̀rọ̀ náà. RNA ni àwọn kan ń pè é ní láàbù, àwọn mìíràn á ní PCR tàbí viral load. Òun ló ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, tó sì ń sọ bó ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, kì í sì í ṣe gbogbo ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dúró síbi ìlà méjì ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta bẹ̀rù ohun tó ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n kó sí àwọn ọsibítù nítorí ikọ́ ife lè ṣe àyẹ̀wò yìí bí káátíríìjì tirẹ̀ bá wà lọ́wọ́, nítorí náà ó yẹ kí èèyàn béèrè kó tó gbà pé àfi UCH Ìbàdàn tàbí LUTH. Bí ẹbí bá fẹ́ dá owó jọ nítorí ẹnì kan, owó àyẹ̀wò yìí ló yẹ kó ṣáájú owó àgbo àti owó ààwẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń kó ìpayà bá wọn ni ikú ẹlòmíràn. Ilé tí ò ní àbúrò bàbá kan tí ikùn rẹ̀ wú, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, tó sì lọ láìtọ́jọ́, ò pọ̀ lágbègbè wa. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ “mẹ́dọ̀wú”, òkú yẹn ni wọ́n ń rí. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, oríṣi B ló wọ́pọ̀ jù. Ìwádìí ńlá tí ìjọba ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018 nítorí HIV yẹ mẹ́dọ̀wú wò pẹ̀lú: láàárín àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 64, ìdá 8.1 nínú 100 ló ní B, ìdá 1.1 ló sì ní C. Ẹ̀dọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń bá jà, àmọ́ kòkòrò méjì tí ò bára tan ni wọ́n. B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gún fún ọmọ ìkókó. C ò ní. B tó bá ti di bárakú, oògùn ń tẹ̀ ẹ́ lórí ba ni, kì í sábà lé e tán. C ń sàn. Kì í ṣe pé ó rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe pé èèyàn á máa fi oògùn tì í títí ayé bíi ti HIV: ó ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pátápátá. Nínú gbogbo ohun tí dókítà lè sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbólóhùn yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Èyí ò sọ ọ́ di àrùn kékeré. WHO ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí èèyàn 242,000 ni C pa kárí ayé ní 2022, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀ tó ti le koránkorán ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Sùúrù rẹ̀ ló burú. Ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o kì í mọ̀ ọ́n lára rárá. Nínú àwọn tó bá sì di bárakú fún, ìdá 15 sí 30 nínú 100 ni ẹ̀dọ̀ wọn ń di kìkì àpá láàárín ogún ọdún, ọtí sì ń mú kó yá. Ìyẹn ni pé ẹni tó gbọ́ ìròyìn yìí ní ọjọ́ Ajé kò ní láti gba oògùn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àyè wà láti jókòó, láti béèrè, láti wá owó. Àyè tí kò sí ni ti kéèyàn ju bébà náà sí abẹ́ ibùsùn, kó sì ṣe bí ẹni pé kò rí i.

Sùúrù yìí kan náà ló ń ba ìbéèrè tí ẹbí fẹ́ràn jù jẹ́: “Níbo lo ti kó o?” Títí di 1989, ẹnikẹ́ni ò tíì rí kòkòrò náà sójú. Láàárín àwọn ọdún 1970, Harvey Alter, dókítà kan ní àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ń ní àrùn ẹ̀dọ̀ kan tí kì í ṣe A, tí kì í sì í ṣe B, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é: “kì í ṣe A, kì í ṣe B”. Michael Houghton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Chiron ní California ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1989. Ní 1997, Charles Rice fi hàn pé kòkòrò náà nìkan tó láti dá àrùn sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Alter, Houghton àti Rice, ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020. Ohun tí ìtàn yìí túmọ̀ sí fún ìyá tó bímọ nípa iṣẹ́ abẹ ní 1984, tí wọ́n sì fa páìǹtì méjì sí lára, ni pé kò sí láàbù kan lágbàáyé tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn wò fún C, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní London.

Anita Roddick, ọmọ Ìlú Ọba tó dá ilé ìtajà The Body Shop sílẹ̀, gba ẹ̀jẹ̀ ní 1971 nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ kejì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ṣe ní 2004 ló tó tú àṣírí náà. Láàárín ọdún 33 yẹn ó tọ́ ọmọ, ó dá òwò tó délé dóko sílẹ̀, ó yí ayé ká, àrùn náà sì ń bá a rìn láìbá a sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ fáyé gbọ́ ní oṣù kejì ọdún 2007, ó sì ń fi orúkọ rẹ̀ ti ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ló kú, ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè wo obìnrin yẹn lójú kó ní ìwà rẹ̀ ló kó o.

Nílé tiwa, ẹ̀sùn àgbèrè ni ìbéèrè náà máa ń yọrí sí, ẹ̀sùn yìí sì ti tú ilé tí mẹ́dọ̀wú fúnra rẹ̀ ì bá má tú. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ tọkọtaya 500 wò, tí ọ̀kan nínú wọn ní C, tí wọn ò sì ní ẹlòmíràn síta, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Bí wọ́n ti ṣírò rẹ̀, ewu pé ọ̀kan á kó o ran èkejì nípa ìbálòpọ̀ ò ju ẹyọ kan nínú nǹkan bí ìgbà 190,000 lọ. Ìbálòpọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí, tàbí tí HIV bá wà níbẹ̀, ń gbé ewu náà ga, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi bébà mẹ́dọ̀wú C ṣe ẹlẹ́rìí àgbèrè, ẹlẹ́rìí tí ò sí níbẹ̀ ló mú wá.

Ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tó fi ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó Íjíbítì. Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìjọba ibẹ̀ ń rán òṣìṣẹ́ ìlera lọ sáwọn abúlé tó wà lẹ́bàá odò Náílì láti gún àwọn èèyàn lábẹ́rẹ́ nítorí àtọ̀sí ajá tó ń ti inú omi odò bá wọn jà. Iṣẹ́ rere ni wọ́n pè é, iṣẹ́ rere náà ni. Àmọ́ abẹ́rẹ́ onígíláàsì ni wọ́n ń lò, láti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, wọn kì í sì í sè é dáadáa láàárín méjì. Ẹni tí wọ́n ń gún ò mọ̀. Ẹni tó ń gún ò mọ̀. Kòkòrò náà ò tíì ní orúkọ. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe ìwádìí ní 2008, ìdá 14.7 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 59 ni àmì rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kò sí ibòmíràn lágbàáyé tó tó bẹ́ẹ̀. Bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n, àwọn tí wọn ò gún ara wọn lábẹ́rẹ́ oògùn olóró rí, tí wọn ò rìnrìnkurìn.

Apá kejì ìtàn Íjíbítì kì í sábà dé etí wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí wọ́n pè ní Ìlera Mílíọ̀nù 100. Láàárín oṣù méje, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 50 wò, lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí wọ́n bá sì bá a lára rẹ̀ ń gba oògùn láìsan kọ́bọ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin tí wọ́n ti tọ́jú láti 2014. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, WHO fún Íjíbítì ní àmì wúrà, ó jẹ́ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gbà á, nítorí bó ṣe súnmọ́ lílé àrùn náà kúrò. Bí gbogbo abúlé bá lè ní in láìsí ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan nínú wọn, tí wọ́n sì lè bọ́ nínú rẹ̀, ó yẹ kí pálọ̀ kan ní Òṣogbo lè gba ọ̀rọ̀ náà láìsí ìwádìí ẹ̀sùn.

Abẹ́rẹ́ ìjọba kọ́ ni tiwa. Abẹ kékeré ni, káàkiri. Gbẹ́rẹ́ tí wọ́n fi abẹ kan ṣoṣo sín fún ọmọ mẹ́fà tí wọ́n tò kalẹ̀. Olóólà tó ń ti ilé ìkómọ kan bọ́ sí òmíràn. Bábà tó fi kílípà ha orí ẹnì kan títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun dànù, tó sì ní kí oníbàárà tó kàn wá jókòó. Àwọn tó ń kiri àdúgbò gé èékánná, tí àlùmọ́gàjí wọn ń dún ṣàkà ṣàkà láti òwúrọ̀. Kẹ́míìsì ìtòsí ilé tó ń gún gbogbo ibà lábẹ́rẹ́. Ẹni tó bá bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òun ti kó o, tó sì ka gbogbo ìgbà tí irin ẹlòmíràn ti wọ ara rẹ̀ láti ọjọ́ ìkómọ, kò ní lè kà á tán. Ìbéèrè tó wúlò ni irin wo ló wà nínú ilé yìí báyìí tí èèyàn méjì ń lò.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹbí bẹ̀rẹ̀. Abẹ ìfárùngbọ̀n, búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu, ohun ìgékánná, abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ṣúgà tí ìyá àti bàbá jọ ń lò: kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Kí wọ́n di ojú egbò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kán sílẹ̀, kí ẹni tó máa nù ún wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó sì fi bílíìsì tí wọ́n po mọ́ omi nu ojú ibẹ̀, nítorí kòkòrò yìí lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ó parí. Wọ́n lè jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan. Wọ́n lè jọ mu omi nínú ife kan, wọ́n lè dì mọ́ra, wọ́n lè fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu, wọ́n lè jọ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n lè jọ sùn. Kò sí nínú oúnjẹ, kò sí nínú omi, ẹ̀fọn kì í gbé e, ikọ́ àti sísín kì í gbé e. Ìyá lè se ọbẹ̀ fún gbogbo ilé. Bó bá gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí ẹ̀fọ́, kó fọ ọgbẹ́ náà, kó dì í, kó da èyí tí ẹ̀jẹ̀ kán sí nù, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nípa àwọn ọmọ, ọ̀nà àtọ̀dọ̀ ìyá ló ṣe pàtàkì. Nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn ní C nígbà oyún, nǹkan bí mẹ́fà ló ń kó o. Nítorí náà bó bá jẹ́ ìyá ni àyẹ̀wò mú, ó yẹ kí gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ yẹ ara wọn wò, títí kan èyí tó ti lọ́kọ ní Àkúrẹ́ tó ní ara òun dá ṣáṣá. Wọn kì í ṣe àyẹ̀wò ìlà méjì fún ọmọ ìkókó kó tó pé oṣù 18, torí èròjà ara ìyá ṣì ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì lè dẹ́rù bà wọ́n lásán. Ọmú ò gbé àrùn náà. Kí ìyá máa fún ọmọ lọ́mú, àyàfi bí orí ọmú bá là tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, kó dúró kó kọ́kọ́ jinná. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta sókè, oògùn wà fún ọmọdé náà.

Oògùn ọ̀hún nìyí: sofosbuvir àti daclatasvir, èyí tó wọ́pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè bíi tiwa. Èèyàn á máa gbé e mì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọjọ́ 84. Ó ń wo èyí tó lé ní 95 nínú 100 sàn. Àwọn tó rántí ti àtijọ́, tí wọ́n ń gún èèyàn ní abẹ́rẹ́ interferon fún ọdún kan gbáko, tí ibà, àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn á mú un, tó sì jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì péré ló ń sàn, á máa sọ fún ẹbí pé ìtọ́jú náà le ju àrùn lọ. Òótọ́ àná ni wọ́n ń sọ.

Owó rẹ̀ ní ìtàn. Nígbà tí sofosbuvir jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún 2013, 84,000 dọ́là ni ilé iṣẹ́ Gilead ń ta ti ọ̀sẹ̀ 12, ẹgbẹ̀rún dọ́là kan fún hóró kan, inú ń bí àwọn aṣòfin ibẹ̀ gan-an. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Gilead fún àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ní Íńdíà láṣẹ láti máa ṣe é fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó tó bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. WHO sọ pé orílẹ̀-èdè tó bá rà á ní ìwọ̀n lè rí gbogbo ìtọ́jú náà rà ní nǹkan bí 60 dọ́là báyìí. Iye tí ẹnì kan ṣoṣo máa rà á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ sì ti ń san án. Síbẹ̀, ẹbí tó lè ra aṣọ ẹbí fún ìsìnkú lè dá owó yìí. Kí wọ́n rà á níbi tí dókítà tọ́ka sí, kí wọ́n wo nọ́ńbà NAFDAC, kí wọ́n má sì rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in lórí WhatsApp.

Dókítà tó mọ iṣẹ́ á yẹ mẹ́dọ̀wú B àti HIV wò kó tó kọ oògùn náà. Kì í ṣe ọgbọ́n àti gbowó: bí B bá fara pamọ́ sínú ara, ó lè jí dìde nígbà tí C bá ń lọ, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà sì ti pàṣẹ ní 2016 pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ yìí sára páálí rẹ̀. Á wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ní àpá tó. Á béèrè oògùn mìíràn tí aláìsàn ń lò, nítorí oògùn ikọ́ ife kan wà, oògùn wárápá kan wà, oògùn ọkàn kan wà, tí wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé rẹ̀ nínú ara. Obìnrin tó lóyún sábà máa ń dúró títí yóò fi bímọ.

Ibí yìí ni ìgò àgbo àǹtí ti ń wọlé. Kò sí ìdí láti bú àǹtí, ìfẹ́ ló gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ni gbogbo ohun tí èèyàn bá gbé mì ń gbà kọjá, ẹ̀dọ̀ tó sì ń bá kòkòrò jà ò nílò ewé tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ bó ṣe lágbára tó nínú ìgò kan sí èkejì. Ewu tó tún ju ìyẹn lọ ni ọdún tó ń kọjá lọ nígbà tí wọ́n ń dúró kí àgbo ṣiṣẹ́. Ọtí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀, bíà àti ògógóró àti àwọn ìgò kéékèèké tó wà ní gáréèjì tí wọ́n ń pè ní oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Parasítámọ́ọ̀lù náà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bù jẹ. Àwọn tó ń ka èèwọ̀ oúnjẹ lé aláìsàn lórí, pé kó má jẹ ẹran, kó má jẹ epo pupa, kó má jẹ ẹyin, kàn ń fi ebi kún ìbẹ̀rù fún un ni.

Ta ló yẹ kó mọ̀? Ọkọ tàbí aya, àwọn ọmọ bó bá jẹ́ ìyá, dókítà eyín, ẹni tó bá máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìpàdé ẹbí tí wọ́n pe èèyàn 14 sí, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé ọjà kí wọ́n tó tú ká, kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ní ibi iṣẹ́, ìṣọ́ra ṣe pàtàkì: òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2014 láti má ṣe jẹ́ kí wọ́n lé èèyàn kúrò níṣẹ́ torí àyẹ̀wò, ti HIV nìkan ni. Fún àfẹ́sọ́nà méjèèjì tó wà lọ́fíìsì pásítọ̀, ọ̀rọ̀ náà rọrùn ju bí ojú pásítọ̀ ṣe rí lọ. Bí wọ́n bá sún ìgbéyàwó síwájú oṣù díẹ̀ nítorí oògùn, wọ́n sún un. Bí wọn ò bá sún un, èyí tí kò ní in ò ní kú torí pé ó fẹ́ èkejì. Ohun tí ò bójú mu ni kí wọ́n tú àdéhùn ká lórí àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kó tó di pé èkejì jáde.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ sábà máa ń dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Òun náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dọ̀, òun náà ti ń ka ọjọ́. Kì í ṣe àdúrà tí wọ́n ń gbà lé e lórí níṣojú àlejò ló máa ń ràn án lọ́wọ́ jù, bí kò ṣe ẹni tó bá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ gba èsì yẹn? Mà á bá yín lọ,” tó sì bá wọn lọ lóòótọ́, tó jókòó sí kọ́ríídọ̀ ọsibítù títí di agogo mẹ́ta, tó sì ń kọ ohun tí dókítà wí sílẹ̀, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ju ìdajì lọ.

Àwọn ọmọ tó wà ní òkè òkun náà ní iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀ sí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Bí ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde bá ní C, àwọn tí wọ́n bí kó tó lọ tọ́jú ara rẹ̀ yẹ kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Ní England, láti 2023, èèyàn lè béèrè fún ohun èlò àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ NHS, kó fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ìka nínú ilé ara rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ padà nínú àpòòwé. Mẹ́dọ̀wú tí kòkòrò ń fà sì wà lára àwọn àrùn àkóràn tí NHS ibẹ̀ kì í gbowó ìtọ́jú wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tó wá kí ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ò mọ èyí.

Lẹ́yìn tí hóró tó gbẹ̀yìn bá tán, wọ́n á dúró ọ̀sẹ̀ 12 kí wọ́n tó tún ṣe àyẹ̀wò RNA. Bí kòkòrò náà ò bá sí níbẹ̀, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n ìlà méjì ti àyẹ̀wò àkọ́kọ́ á ṣì máa yọ, àjọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ò ní gba tirẹ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ tó bá tún lọ lọ́dún márùn-ún sí i á tún rí “pọ́sítíìfù”. Kó ṣe ẹ̀dà èsì ìkẹyìn yẹn méjì, kó fi ọ̀kan sí fóònù. Ìsàn yìí kì í ṣe àjẹsára: abẹ ẹlòmíràn lè tún kó o ràn án. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ti ní àpá tó pọ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ pátápátá, kòkòrò ì báà ti lọ. Òun ní láti máa padà wá fún àwòrán skáàn ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí owó skáàn sì wà lára ohun tí ẹbí ń bá a dá.